Ọwọ́ Tí Ọmọ Màríà Nà Sókè

Pẹ́ńtà ni mí. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn kan wà ní Ajah tí wọ́n ń pè mí ní ayàwòrán, oyè yẹn ò sì tọ́ sí mi. Ilé ni mò ń kùn. Bí ẹ bá gba Lakowe kọjá, tí ẹ rí àwọn ilé ńlá tó kọjú sí pápá gọ́ọ̀fù, èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi la kun púpọ̀ nínú yàrá wọn, kò sì sẹ́ni tó ní ká padà wá wò ó. Àwòrán kan ṣoṣo ni mo yà láyé mi, àwòrán Màríà àti Ọmọ rẹ̀, lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì wa. Òun ni ìyàwó mi gbójú lé lọ́jọ́ tí ìyá mi fi àkísà di ọwọ́ ọmọ wa mọ́ ìbàdí.

Ìkìrun ni mo ti wá sí Èkó, láwọn ọdún tí wọ́n ń mú ọ̀nà márosẹ̀ Lẹ́kí fẹ̀ sí i. Iyanrìn wọ inú oúnjẹ, ó wọ inú ọ̀dà. Ọ̀gá kan tó jẹ́ ará ìlú wa ló gbà mí síṣẹ́. Láràárọ̀, bọ́ọ̀sì rẹ̀ á kó wa láti Ajah lọ sí Lakowe. Ó ti yọ ìjókòó ẹ̀yìn dànù kí rọ́bà ọ̀dà lè ráyè, nítorí náà orí rọ́bà la máa ń jókòó sí, èmi tí mo dé kẹ́yìn ni wọ́n sì ń tì sí ìdí gíláàsì ẹ̀yìn. Sítíkà kan wà lára gíláàsì yẹn, irú èyí tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá: Màríà jókòó, ó gbé Jésù lé ẹsẹ̀, Jésù kékeré na ọwọ́ kan sókè, ó ń súre. Ọ̀gá wa kì í lọ ṣọ́ọ̀ṣì, kì í lọ mọ́ṣáláṣí. Ó ní bí òun ṣe bá a lára ọkọ̀ nìyẹn nígbà tí òun rà á, òun ò sì mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá yọ ọ́. Mo wo Màríà yẹn ju bí mo ṣe wo ojú ìyàwó mi lọ, torí pé nígbà tí mo bá ń jáde nílé, ìyàwó mi ṣì ń sùn.

Ohun kan wà tí mo máa ń fi yangàn lẹ́nu iṣẹ́. Tí a bá ń kun sílíìn, ọwọ́ á ro àwọn yòókù, wọn á sọ̀kalẹ̀ lórí pákó láti sinmi. Èmi á kàn gbé búrọ́ọ̀ṣì bọ́ sí ọwọ́ kejì, iṣẹ́ á máa lọ. Ọ̀gá á ní, "Ẹ wo ọmọ yìí, ènìyàn méjì ni!" Ìwé kíkọ nìkan ni n ò mọ̀ ọ́n ṣe. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń kọ ọ́, ó sì rí wúruwùru débi pé tíṣà kan nà mí títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Mo gbà pé ẹ̀bùn ni ti búrọ́ọ̀ṣì, pé ọ̀lẹ ni ti ìwé. N ò béèrè ibi tí èyíkéyìí nínú wọn ti wá.

Inú yàrá kan la ń gbé lẹ́yìn ẹ́sítéètì Abraham Adésànyà, ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan sì wà ní ojúlé kejì sí wa. Ọmọ ìjọ ni ìyàwó mi kí n tó fẹ́ ẹ, èmi kàn tẹ̀ lé e ni. Mo rán sùtánà, mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń bọ́ bàtà lẹ́nu géètì, ó sì bá mi lára mu. Wòlíì wa, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń tún fìríìjì ṣe láàárín ọ̀sẹ̀, pè mí lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ kan.

Ó ní, "Ẹ̀yin pẹ́ńtà, ẹ bá wa ya Màríà Wúńdíá àti Ọmọ sí ibi tí àwọn aboyún ń jókòó sí. Wọ́n ń gbàdúrà, ògiri òfìfo ni wọ́n ń wò."

Kí n tó ní n kì í yàwòrán, ìyàwó mi ti dá a lóhùn. "Ó máa yà á, sà. Kí ló ṣòro níbẹ̀? Ọ̀dà náà ni."

Ó ṣòro o. Nínú ìjọ wa, a kì í wọ aṣọ pupa, a kì í wọ dúdú. Wòlíì ní ọ̀dà tí a bá fi kun Màríà, aṣọ rẹ̀ ni, nítorí náà ọ̀dà pupa àti ọ̀dà dúdú kò gbọdọ̀ wọ géètì. Bẹ́ẹ̀, aṣọ pupa ni Màríà wọ̀ nínú sítíkà, láti ọrùn dé ẹsẹ̀, ó wá fi búlúù bo èjìká. Mo bọ́ pupa yẹn kúrò lára rẹ̀, mo wọ funfun fún un. Ẹyinjú ló wá fún mi ní wàhálà. Ta ló ń ya ẹyinjú láìsí ọ̀dà dúdú? Mo po àwọ̀ igi mọ́ búlúù títí ó fi ṣú bí ojú ọ̀run tí òjò fẹ́ rọ̀. Wòlíì bi mí pé àwọ̀ wo nìyẹn. Mo ní búlúù ni, sà. Ó wò ó, ó wò mí, ó ní kí n máa bá iṣẹ́ lọ.

Ẹni tí kò mọ àwòrán yà, ìwọ̀n ló ń gbára lé. Láràárọ̀ ni mo ń mú bébà àti pẹ́ńsù jáde nínú bọ́ọ̀sì, tí mo ń ya sítíkà yẹn díẹ̀díẹ̀: lónìí imú, lọ́la ìka ọwọ́. N ò fo ìka kan. Mo wá fi okùn pín ògiri sí ojú kéékèèké, bí àwọn onítáìsì ṣe ń pín ilẹ̀, mo sì gbé ohun tó wà nínú bébà sórí rẹ̀ lójú kọ̀ọ̀kan. Ara ìyá àtọmọ funfun báláú nínú sítíkà. Mo fi àwọ̀ tí a fi ń kun ilẹ̀kùn kùn wọ́n, mo sì wo àgbọ̀n ìyàwó mi ya àgbọ̀n Màríà. Sátidé mẹ́rin ni mo fi ṣe é, láìwọ bàtà. Nígbà tí mo parí, mo jókòó sílẹ̀, mo ń wò ó, mo sì ń rẹ́rìn-ín èmi nìkan.

Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣí aṣọ lójú rẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n kọrin. Àwọn kan ní ó dára, àwọn kan ní ó jọ ìyàwó pẹ́ńtà, inú ìyàwó mi sì ń dùn ṣìnkìn. Ó ti lóyún nígbà náà, oyún wa àkọ́kọ́, kò tíì hàn sójú ayé. Ìyá Ìjọ wa ló kẹ́yìn wọlé. Màmá àgbà ni, ará Ìjẹ̀bú, òun ló ti gbẹ̀bí fún ìdajì àdúgbò kí ọsibítù ìjọba tó sún mọ́ wa. Kò tilẹ̀ tíì jókòó tó fi yíjú sí mi.

"Pẹ́ńtà, ọwọ́ wo lọmọ yẹn fi ń súre?"

Mo gbójú sókè. Ọwọ́ òsì ni.

Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni mo mọ ibi tí mo ti ṣìnà. Ìta gíláàsì ni wọ́n lẹ sítíkà yẹn mọ́, kí àwọn tó ń wakọ̀ bọ̀ lẹ́yìn lè rí i. Èmi tí mo wà nínú ọkọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mò ń wò láti ọjọ́ yìí wá. Ọ̀tún ti di òsì, òsì ti di ọ̀tún. Gbogbo wa la sì mọ̀ pé a kì í fi òsì kí èèyàn, a kì í fi òsì fún èèyàn ní nǹkan, ká má tíì sọ pé ká fi súre. Ká ní lẹ́nu iṣẹ́ ni, ǹ bá rẹ́rìn-ín, ǹ bá ní kí wọ́n gbé àkàbà wá. Ṣùgbọ́n gbogbo ìjọ ti yíjú sí mi, ìyàwó mi ń wò mí, ìtìjú sì mú mi gan-an. Ẹnu mi là, mo gbọ́ tó ń sọ pé:

"Bí mo ṣe rí i lójú oorun nìyẹn, mà."

Nínú ìjọ bíi tiwa, ọ̀rọ̀ yẹn ti parí ẹjọ́. Ta ni yóò bá ẹni tó ríran lójú oorun jiyàn? Wòlíì lu agogo. Ó ní ẹ̀yin ará, ọwọ́ òsì ló sún mọ́ ọkàn jù, Olúwa ń sọ fún wa pé láti inú ọkàn ni ìbùkún àwọn ìyá ọlọ́mọ yóò ti wá. Halelúyà sọ. Ìyá Ìjọ ò bá wọn ké e. Ó ní "Hùn," ó jókòó.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tèmi ò lọ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó rìn dáadáa. Àwọn aboyún bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kan ọwọ́ òsì yẹn kí wọ́n tó lọ sílé, títí ọ̀dà ibẹ̀ fi ń ṣí tí mo sì ń tún un kùn. Àwọn kan ń wá bi mí ní ìtumọ̀ àlá. N ò ní parọ́ mìíràn lé e: ojú ń tì mí, ó sì ń dùn mọ́ mi nínú. Ìyàwó mi ló dùn mí jù. Ẹ̀rù ìrọbí ń bà á gidi, ọwọ́ yẹn ló sì ń fi í lọ́kàn balẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ tí a bá lọ, á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, á pajú dé. Mo ń wò ó. Ọsibítù ló bímọ sí, láìsí wàhálà kankan, ó bí obìnrin.

Kí ọmọ náà tó pé ọmọ ọdún méjì la ti rí i pé òsì ló fi ń ṣe gbogbo nǹkan. Òsì ló fi ń mú ṣíbí, òun ló fi ń ju bọ́ọ̀lù. Ó fẹ́ràn ṣọ́ọ̀kì ju súìtì lọ. Á jókòó sí ẹnu ọ̀nà, á fi òsì fa ìlà sára sìmẹ́ńtì títí ṣọ́ọ̀kì á fi tán. Ìyàwó mi á pè mí, á ní, "Dádì, ẹ wá wo ọwọ́ ọmọ Màríà." Màá ní mo rí i.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀ iléèwé jẹ́léósinmi, tí ìyàwó mi náà ti padà sẹ́nu iṣẹ́, mo bẹ ìyá mi kó wá bá wa gbé fún ìgbà díẹ̀. Ó dé láti Ìkìrun pẹ̀lú gààrí, ẹja gbígbẹ àti òfin. Ìyá mi kì í ṣe oníjà, àmọ́ kì í fi ọ̀rọ̀ ìkíni àti ọ̀rọ̀ ọwọ́ ṣeré. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ mú àkàrà, ó já a sí méjì, ó na ọ̀kan sí ìyá àgbà rẹ̀. Ìyá mi fa ọwọ́ sẹ́yìn.

"Òsì kẹ̀? Ta ló kọ́ ẹ?"

Ìrọ̀lẹ́ ni mo dé láti Lakowe. Mo bá ọmọ mi lórí ẹní, ìyá mi ti fi àkísà gèlè di ọwọ́ òsì rẹ̀ mọ́ ìbàdí, ìrẹsì fọ́n ká iwájú rẹ̀, ṣíbí wà lọ́wọ́ ọ̀tún tí kò mọ ohun tó máa fi ṣe. Kò sunkún mọ́. Ká ní ó ń sunkún ni, ì bá sàn fún mi. Ìyàwó mi ti dé ṣáájú mi, òun àti ìyá mi sì ti wà lẹ́nu ẹ̀.

Ìyàwó mi ń sọ pé, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú u. Ọwọ́ yẹn, láti òkè ló ti wá. Ọmọ yín ló rí i lójú oorun kí wọ́n tó bí i."

"Èmi ò mọ̀ nípa oorun. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Tó bá délé ọkọ, ọwọ́ wo ló máa fi gbé oúnjẹ fún ìyá ọkọ ẹ̀?"

"Ẹ ò tíì rí àwòrán yẹn ni, mà."

"Àwòrán ló máa bá a gbélé ọkọ?"

Àwọn méjèèjì yíjú sí mi. Mo ní ó rẹ̀ mí, mo wọlé lọ wẹ̀. Ìwà ọ̀lẹ ni, mo mọ̀. Ìyá mi ò ṣe ohun tí ìyá ẹlòmíì ò ní ṣe. Ká ní kò sí àwòrán yẹn, bóyá èmi fúnra mi ni ǹ bá bá a wá àkísà. Ṣùgbọ́n mo ti rí ìlà tí ọmọ yẹn ń fà sára sìmẹ́ńtì, mo mọ ìlà tó gún. Ohun kan ṣoṣo ló sì dúró láàárín ọwọ́ rẹ̀ àti àkísà yẹn: irọ́ tí mo pa nítorí ìtìjú. Bí mo bá jẹ́wọ́, ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu ìyàwó mi nìyẹn, wọ́n á di ọwọ́ náà títí yóò fi gbàgbé òsì. Bí mo bá dákẹ́, irọ́ mi ni ọmọ mi á máa fi jẹun.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi dì í. Ìyàwó mi á tú u, ìyá mi á tún un dì. Ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹyẹ ẹ̀gà bẹ̀rẹ̀ sí í nawọ́ sí nǹkan láìsọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ó fẹsẹ̀ ti páálí ṣọ́ọ̀kì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Inú bí mi, ó bí mi sí gbogbo wa, ó sì bí mi sí ara mi jù.

Ọ̀la rẹ̀ jẹ́ Sátidé. Ìyàwó mi ní dandan, kí Màámi wá fojú ara wọn rí i. Gbogbo wa lọ. A bọ́ bàtà lẹ́nu géètì. Ìyá mi ń ráhùn pé iyanrìn gbóná, pé ṣọ́ọ̀ṣì tòun ní Ìkìrun, bàtà ni wọ́n ń wọ̀ wọ̀ ọ́. Ìyá Ìjọ nìkan la bá nínú ilé, ó ń fọ ọ̀rá àbẹ́là kúrò nílẹ̀. Wọ́n kí ara wọn bí àgbà ṣe ń kí àgbà. Ìyá mi wá dúró síwájú ògiri, ọmọ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ dídì.

Ó wò ó pẹ́. Ìyàwó mi ń retí, ó di ọwọ́ méjèèjì mọ́ àyà. N ò lè fara dà á mọ́.

Mo ní, "Irọ́ ni. N ò rí nǹkan kan lójú oorun."

Mo rò ó fún wọn: bọ́ọ̀sì, rọ́bà ọ̀dà, sítíkà, ẹ̀yìn gíláàsì. Ìyàwó mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Kò bú mi. Mo ní màá gbé àkàbà wá lónìí yìí, màá tún ọwọ́ náà ṣe. Mo ń dúró kí ìyá mi ní ṣé òun ò sọ.

Dípò ìyẹn, ó ní, "Ọjọ́ mélòó lo fi yà á?"

"Sátidé mẹ́rin, mà."

"Sátidé mẹ́rin. O ò rí i pé òsì ni?"

"N ò rí i."

Ó yíjú sí Ìyá Ìjọ. "Ẹ̀yin ńkọ́, mà?"

"Kí n tó jókòó ni mo ti rí i."

"Ìyàwó mi, ìwọ ńkọ́?"

Ìyàwó mi fi etí aṣọ nujú. "Mo rí i lọ́jọ́ kìíní, mà. Mo rò pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yà á bẹ́ẹ̀ ni."

Ìyá mi ní, "Gbogbo ayé rí i àfi ìwọ. Sítíkà tàn ẹ́ nínú ọkọ̀, mo gbọ́. Ta ló wá tàn ẹ́ níbí fún Sátidé mẹ́rin?" Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Lójú tìẹ, ibi tó yẹ kí ọwọ́ wà náà ló wà. Òsì lo fi ń di ọmú mú. Òsì lo fi mú ṣíbí àkọ́kọ́. Èmi ni mo dì í, mo fi ata sí i nígbà tí o bá tú u. Ó lé ní ọdún kan. O dákẹ́, o ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, a rò pé o ti yadi. Ìyá bàbá ẹ ló ní kí n ṣe é, mo sì ṣe é. Ìwọ ò rántí. Èmi rántí."

Mo wo ọwọ́ mi méjèèjì. Mo rántí sílíìn, mo rántí ọ̀gá mi àti ènìyàn méjì tó ń pè mí, mo rántí tíṣà àti ìwé wúruwùru. Inú kọ́kọ́ bí mi. Mo fẹ́ bi ìyá mi pé kí ló dé tó fi mọ̀ báyìí tó sì tún ń dì í fún ọmọ mi. Ṣùgbọ́n omi ti kún ojú rẹ̀, ó sì jọ pé ìbéèrè yẹn náà ló ń bi ara rẹ̀.

Ìyá Ìjọ ń bá ilẹ̀ tó ń fọ̀ lọ. Kò gbójú sókè tó fi ní, "Pẹ́ńtà, má gbé àkàbà kankan wá. Àwọn aboyún ti mọ ọwọ́ yẹn. Ìwọ lọ bá Wòlíì, kí o sọ òótọ́ fún un."

Ìyá mi kúnlẹ̀ ti ọmọ. Ó ti so àkísà náà le, èékánná rẹ̀ ò sì ràn án lọ́wọ́. Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ kó bá a tú u, ìyá mi ní rárá, òun lòun dì í. Ó pẹ́ kó tó tú. Ọmọ mi na ìka rẹ̀, ó ká a, ó tún nà án, ó ń wò ó bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e fún un ni.

Bísíkíìtì kan wà nínú báàgì ìyá rẹ̀. Ọmọ náà mú un, ó já a sí méjì, ó na ọ̀kan sí ìyá àgbà rẹ̀, pẹ̀lú òsì. Ìyá mi ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, bí a ṣe ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, ó sì gbà á.

Ó ní, "Ẹ ṣé o, mà."